Ilé Ìbísí Edé ní Ẹ̀pẹ́: Láti Ẹnu Ìyá Ni Mo Ti Bẹ̀rẹ̀

Iṣẹ́ tí mò ń kọ sílẹ̀ yìí ni ilé ìbísí edé kékeré kan tí mo kọ́ sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ẹ̀pẹ́. Edé ńlá inú odò tiwa ni mò ń sìn níbẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Macrobrachium vollenhovenii, tó wà nínú odò àti ọ̀sà láti Sẹ̀nẹ̀gàl títí dé Àǹgólà. Ẹni tó bá ti na ọjà ẹja Ẹ̀pẹ́ rí mọ̀ ọ́n: edé alápá gígùn tí wọ́n ń yan, tí owó rẹ̀ sì ń gun òkè lọ́dọọdún. Èrò kan ni mo gbé iṣẹ́ náà kà. Oúnjẹ tí ìyá ń jẹ kí ẹyin tó jáde lára rẹ̀ ló ń sọ bí ọmọ yóò ṣe lágbára tó ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó délé ayé. Ìdí nìyí tí mo fi kọ́ táńkì àwọn ìyá ṣáájú táńkì ọmọ, tí mo sì náwó lé oúnjẹ wọn ju ohun gbogbo lọ.

Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí ẹ̀dá yìí ṣe ń bímọ, torí ibẹ̀ ni ètò táńkì mi ti wá. Abo kì í gba akọ àfi nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ èèpo, tí ara rẹ̀ ṣì rọ̀. Akọ á lẹ àtọ̀ mọ́ abẹ́ àyà rẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀ sí i, abo á yé ẹyin, ẹyin á gba ibi tí àtọ̀ wà kọjá, á sì lẹ̀ mọ́ irun ara ẹsẹ̀ tó fi ń lúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ ìrù. Ibẹ̀ ni ìyá yóò ti máa fi ẹsẹ̀ fẹ́ omi sí i, tí yóò máa yọ èyí tó bàjẹ́ kúrò, títí yóò fi pa. Ẹyin tuntun a máa ní àwọ̀ ọsàn. Bí ọmọ inú rẹ̀ ti ń jẹ ọ̀rá tó wà níbẹ̀ ni àwọ̀ náà ń ṣí, ojú méjèèjì á sì hàn. Nígbà tó bá ku ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kó pa, ó ti di àwọ̀ eérú.

Ìbátan rẹ̀ ti Éṣíà, Macrobrachium rosenbergii, ni ìwé FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, kọ nípa rẹ̀ jù. Bí omi bá wà ní 28°C, ẹyin tirẹ̀ ń lo ọjọ́ 20 sí 21. Abo ńlá tó ti dàgbà tán lè gbé ẹyin 80,000 sí 100,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àmọ́ oyún ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ kì í sábà ju 5,000 sí 20,000 lọ. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kò tó mìlímítà méjì.

Látìgbà tí ẹyin bá ti kúrò nínú ìyá, kò sí oúnjẹ kankan tó tún lè wọ inú rẹ̀ mọ́. Ohun tí ìyá bá kó sí i ni ọmọ yóò fi mọ ojú, ẹsẹ̀ àti iṣan. Kódà nígbà tó bá pa tán, ọmọ náà kì í jẹun ní ìpele àkọ́kọ́. Ọ̀rá tí ìyá fún un, tó ṣẹ́kù sára, ló ń jẹ. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń dán edé sísìn wò máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa oúnjẹ lọ́jọ́ tí ọmọ bá pa. Lójú tèmi, ilẹ̀ ti ṣú nígbà yẹn.

Oṣù Ìgbé: táńkì àwọn ìyá

Táńkì dúdú méjì ni mo rà, onílítà 1,000 kọ̀ọ̀kan. Mo gé orí wọn kúrò, mo fi sáńpépà gbo etí wọn kó má baà máa gé wa lọ́wọ́. Táńkì dúdú dára fún iṣẹ́ yìí torí edé kì í fẹ́ ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, ó sì ń gba ooru oòrùn dáadáa. Nínú wọn mo tẹ́ páìpù oníǹṣì mẹ́rin tí mo gé kúkúrú-kúkúrú, kí abo tó bá bọ́ èèpo lè rí ibi sá sí. Mo tún so àwọ̀n àtijọ́ kọ́ láti òkè wá sísàlẹ̀. Akọ edé kò ṣeé fọkàn tán níwájú ẹlòmíràn tí ara rẹ̀ rọ̀; bí ibi ìsápamọ́ kò bá sí, ẹ óò máa ṣa ẹsẹ̀ àti ìrù láràárọ̀.

Dírọ́ọ̀mù kan ló ń sẹ́ omi fún táńkì méjèèjì. Òkúta wẹ́wẹ́ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, fóòmù wà lórí òkúta, ìkarahun ìsáwùrú tí mo sè tí mo sì fọ̀ mọ́ wà lórí gbogbo rẹ̀. Ìkarahun yìí níṣẹ́ méjì. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tó ń sọ ìgbẹ́ edé di ohun tí kò lè pa á ń rí ibi dì mọ́. Èkejì sì ni pé omi bọ̀hóòlù agbègbè wa máa ń kan díẹ̀, kò sì ní kálísíọ́ọ̀mù tó. Ìkarahun ń yọ́ sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń pa kíkan náà, ó sì ń fún edé ní ohun tí yóò fi mú èèpo tuntun le. Edé tó bọ́ èèpo kì í rí gbogbo kálísíọ́ọ̀mù rẹ̀ nínú oúnjẹ nìkan; ó ń fà á látinú omi náà.

Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ kan wà fún táńkì méjèèjì, mo sì so ó mọ́ ínfátà kékeré kan. Bí ẹ bá fẹ́ fowó pamọ́ níbòmíràn, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Níbi afẹ́fẹ́, ẹ má ṣe é.

Oṣù Èbìbí: àwọn ìyá dé

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Mo lọ bá ìyá elédé kan tí àwọn apẹja máa ń kó edé wá fún. Mo ní, “Ẹ kú ọjà o, Ìyá. Ààyè ni mo fẹ́ o, èyí tí wọ́n fi ìgere mú.” Ó ní, “Ọmọ mi, ìwọ náà mọ̀ pé ìgere kì í ṣe é léṣe. Dúró de àwọn tó ń bọ̀ lówùúrọ̀. Omi ti dà, wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú oyún lábẹ́ ìrù.” Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Nígbà òjò ni abo ń bá omi sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibi tí omi odò ti ń pàdé omi iyọ̀, kí ọmọ rẹ̀ lè pa sítòsí iyọ̀.

Mo ṣa abo tí títóbi wọn súnmọ́ra, mo pín wọn sí táńkì méjèèjì, akọ kan sí abo mẹ́rin. Títóbi yìí ṣe pàtàkì, torí oúnjẹ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo fẹ́ fún táńkì méjèèjì kí n lè fi wọ́n wéra. Abo tó tóbi ń yé ẹyin ju kékeré lọ, oúnjẹ ìbáà dọ́gba. Bí mo bá kó àwọn ńlá sí táńkì kan, kí wọ́n tó jẹun rárá ni mo ti dájọ́ ẹjọ́ náà.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tó máa dán an wò fi sọ́kàn. Abo tí ẹ bá rà pẹ̀lú oyún, oúnjẹ inú ọ̀sà ló fi ṣe ẹyin yẹn. Oúnjẹ yín kò ní ọwọ́ kankan nínú rẹ̀. Àmọ́ bó ti ń gbé oyún yìí lọ́wọ́, àpò ẹyin inú rẹ̀ ti ń kún fún òmíràn. Ẹ wo ẹ̀yìn orí rẹ̀ níbi tí èèpo ti fúyẹ́, ẹ óò rí ohun tó ní àwọ̀ ọsàn tó ń gùn bọ̀ lábẹ́ èèpo. Torí náà, mo gbà kí oyún àkọ́kọ́ pa, mo tọ́jú ọmọ wọn gẹ́gẹ́ bí ìdánrawò fún táńkì ọmọ, n kò sì fi wọ́n ṣe ìdíwọ̀n ohunkóhun. Oyún kejì, èyí tí wọ́n fi oúnjẹ mi ṣe, ni mò ń dúró dè.

Kí n fi kún un pé àwọn tó ń sin edé inú òkun máa ń gé ojú kan lára abo kí ó lè tètè yé ẹyin. Edé odò kò nílò ìyẹn, inú mi sì dùn pé kò nílò rẹ̀. Bí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí oúnjẹ sì dára, yóò yé fúnra rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń jẹ

Táńkì Kìíní ń jẹ oúnjẹ ẹja àrọ̀ tí à ń rà nínú àpò, òun nìkan. Táńkì Kejì ń jẹ oúnjẹ àpò kan náà, àmọ́ ìdajì rẹ̀ ni. Ìdajì kejì ni ohun tí mo ń pò fúnra mi: ẹran ṣawá tútù, ẹran ìsáwùrú, orí edé tí mo ti sè, tí mo sá gbẹ, tí mo sì lọ̀, epo ẹ̀dọ̀ ẹja tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, epo pupa díẹ̀, àti fítámì C tí mo gún. Gbogbo rẹ̀ ni mo fi ẹ̀kọ funfun dì pọ̀, tí mo tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, tí mo sì sá a nínú ìbòòji. Fítámì C kì í wọ inú rẹ̀ àfi tí ẹ̀kọ bá ti tutù, torí iná ń pa á.

Ohun kọ̀ọ̀kan ní ìdí tó fi wà níbẹ̀.

Ṣawá àti epo ẹ̀dọ̀ ẹja wà níbẹ̀ nítorí ọ̀rá omega-3 tí wọ́n ń pè ní EPA àti DHA. Ẹja inú òkun ni orísun rẹ̀ tó rọrùn jù fún wa. Ara edé kò lè ṣe èyí tó máa tó o, ó sì nílò rẹ̀ gidi láti kọ́ ojú ọmọ, ọpọlọ rẹ̀ àti awọ tó bo gbogbo ẹ̀yà ara. Panla kò lè gba ipò ṣawá níbí. Ọ̀rá kò pọ̀ lára ẹran panla. Ní Yunifásítì Ghent ní Bẹ́ljíọ̀m, Ronaldo Cavalli, Patrick Lavens àti Patrick Sorgeloos ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rá inú oúnjẹ ìyá edé Éṣíà ní ìparí àwọn ọdún 1990. Irú ọ̀rá tí wọ́n fún ìyá ń hàn nínú ẹyin, ó sì ń kan iye ẹyin àti agbára ọmọ tó ń jáde. Iṣẹ́ wọn yìí ló fún mi ní ìgboyà láti ya táńkì méjì sọ́tọ̀, kí n fi ojú ara mi wò ó.

Orí edé ni ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú àpòpọ̀ yìí, torí àwọn ìyá tó ń yan edé ń dà á nù. Edé kò lè ṣe kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù nínú ara rẹ̀ bí àwa èèyàn ṣe ń ṣe é. Ẹnu ni gbogbo èyí tó ń lò ń gbà wọlé, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ sì ni ara rẹ̀ ti ń ṣe họ́mọ́ònù tó ń mú un bọ́ èèpo. Abo tí kò bọ́ èèpo kò ní gba akọ, kò sì ní yé. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wà nínú orí edé, ohun tó ń sọ ẹyin di àwọ̀ ọsàn náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fún wọn ní tútù láéláé. Àrùn edé ń gba ara edé mìíràn kọjá. Ẹ sè é kó jinná dénú.

Ní ti epo pupa, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yóò bi mí pé kí ló dé tí n kò lò ó dípò epo ẹja, nígbà tó jẹ́ pé òun ló wà nílé. Epo pupa ní ohun pípọ́n tí ara edé lè yí padà sí irú èyí tó wà nínú ẹyin rẹ̀, mo sì rí i pé àwọ̀ ẹyin túbọ̀ ń pọ́n. Àmọ́ kò sí EPA tàbí DHA kankan nínú rẹ̀. Ẹyin lè pọ́n rekete kí ọmọ inú rẹ̀ sì jẹ́ aláìlera. Ẹ jẹ́ kí àwọ̀ dùn mọ́ yín nínú, àmọ́ ẹ má fi òun nìkan ṣe ẹ̀rí.

Oúnjẹ àpò ẹja àrọ̀ kì í ṣe oúnjẹ burúkú. Purotéènì rẹ̀ pọ̀, ó sì ń mú ẹja àrọ̀ tóbi, ohun tí wọ́n ṣe é fún nìyẹn. Àrọ̀ lè ṣe kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tirẹ̀, kò sì ń bọ́ èèpo.

Oṣù Agẹmọ: oyún kejì

Nínú Táńkì Kejì, àpò ẹyin tètè gùn dé ẹ̀yìn orí, abo sì ń bọ́ èèpo láìsí wàhálà. Ní Táńkì Kìíní, ó pẹ́ kí tiwọn tó kún, abo kan sì kú nígbà tó ń gbìyànjú láti jáde kúrò nínú èèpo àtijọ́. Ìgbà tí oyún kejì hàn lábẹ́ ìrù, kò sí ẹni tó wọlé tí n kò fi hàn: ẹyin Táńkì Kejì ní àwọ̀ ọsàn tó kún, ó sì bo gbogbo abẹ́ ìrù, ti Táńkì Kìíní ṣá, àlàfo sì wà láàárín rẹ̀. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, àwọn abo kan ní Táńkì Kìíní ti ń já ẹyin sílẹ̀. Abo kì í ṣàdédé já ẹyin sílẹ̀. Èyí tí àtọ̀ kò bá tàbí tó kú ló sábà máa ń yọ kúrò.

Ìgbà yìí náà ni òtútù Agẹmọ mú wa. Omi táńkì sọ̀ kalẹ̀ débi tí ẹyin kò fi tètè ṣí mọ́. Mo fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù tó nípọn bo igi yí táńkì ká, òkè àti ẹ̀gbẹ́, mo fi ilẹ̀kùn kékeré kan sí i. Ooru padà wá láàárín ọjọ́ díẹ̀, ojú ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú ẹyin. Ilé náílọ́ọ̀nù yìí ni àtúnṣe tó níye lórí jù láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Mo tún pààrọ̀ òkúta afẹ́fẹ́ ní táńkì ọmọ, torí iyọ̀ ń dì mọ́ ojú ihò rẹ̀. Ọtí kíkan ń tú u, ẹ rẹ ẹ́ sínú rẹ̀ mọ́jú, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ dáadáa.

Táńkì ọmọ

Ọmọ edé yìí kò lè dàgbà nínú omi odò. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, kò sẹ́ni tó rí ọmọ edé ti Éṣíà tọ́ dàgbà. Shao-Wen Ling, tó ń ṣiṣẹ́ fún FAO ní Penang ní Màléṣíà, ló rí i pé iyọ̀ ni wọ́n ń fẹ́. Ní 1965 wọ́n kó edé láti Màléṣíà lọ sí Hàwáì, níbi tí Takuji Fujimura ti sọ iṣẹ́ náà di ohun tí a lè fi bí ọmọ lọ́pọ̀ yanturu. Gbogbo àwa tó ń sin edé odò lónìí, ọ̀nà àwọn méjèèjì yìí là ń tọ̀.

Gíráàmù 12 iyọ̀ nínú lítà omi kan ni wọ́n ń lò fún ti Éṣíà, ibẹ̀ ni èmi náà ti bẹ̀rẹ̀. Bí iyọ̀ omi òkun bá jẹ́ gíráàmù 35 nínú lítà, ìdá kan omi òkun pẹ̀lú ìdá méjì omi bọ̀hóòlù yóò gbé yín dé itòsí rẹ̀. Nígbà òjò, omi odò ń dà mọ́ ti etíkun, torí náà ẹ fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó pò ó. Ẹ̀bá òkun lọ́nà Ìbẹjú-Lẹ́kí ni mo ti ń fi kẹ́ẹ̀gì pọn tèmi. Mo ń fi aṣọ sẹ́ ẹ, mo ń fi kùlóríìnì pa ohun tó wà nínú rẹ̀, mo sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i títí kùlóríìnì yóò fi tán pátápátá kí ọmọ kankan tó wọ ibẹ̀.

Abo tí ẹyin rẹ̀ bá ti di àwọ̀ eérú ni mo ń gbé sínú agbada oníyọ̀ díẹ̀ láàárọ̀. Òru ni ẹyin sábà máa ń pa. Ọmọ wọ̀nyí ń lúwẹ̀ẹ́ ní ìdojúdé, ikùn lókè, ìrù níwájú, wọ́n sì ń rọ́ lọ síbi ìmọ́lẹ̀. Níbẹ̀ ni ipa oúnjẹ ìyá ti ń hàn. Mo bo agbada, mo fi iná tọ́ọ̀ṣì sí igun kan, mo sì wo bí wọ́n ṣe ń yára wá sí i. Ọmọ Táńkì Kejì pagbo síbi iná kíákíá. Nínú ọmọ Táńkì Kìíní, ọ̀pọ̀ kàn ń yí káàkiri nísàlẹ̀.

Mo tún ṣe ìdánwò kan tó rọrùn fún ẹnikẹ́ni. Mo bu ọmọ díẹ̀ láti inú ìyá kọ̀ọ̀kan sínú ife tí kò sí oúnjẹ, omi kan náà, ooru kan náà, mo sì ń ṣọ́ ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ọ̀rá tí ìyá fún wọn ni gbogbo ohun tí wọ́n ní nínú ife yẹn. Ọmọ Táńkì Kìíní ló kọ́kọ́ tán. Ó dùn mí láti ṣe é, àmọ́ mo ṣe é torí kò sí ọ̀nà mìíràn tí mo fi lè rí ohun tí ìyá kó sínú ẹyin láìsí yàrá ìwádìí.

Oúnjẹ àwọn ọmọ

Láti ìpele kejì ni wọ́n ti ń jẹun, ohun ààyè tó ń rìn sì ni ẹnu wọn ń gbà jù ní ìbẹ̀rẹ̀. Artemia, ẹ̀dá tín-tìn-tín inú omi iyọ̀ tó jẹ́ ìbátan edé, ni gbogbo ayé ń lò. Ẹyin rẹ̀ gbígbẹ ń wá nínú agolo, ọ̀pọ̀ rẹ̀ láti Great Salt Lake ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, owó rẹ̀ sì wọ́n. Mo ń pa á nínú gálọ́ọ̀nù omi ńlá irú èyí tí wọ́n máa ń dojú rẹ̀ dé orí ẹ̀rọ omi. Mo gé ìdí rẹ̀, mo dojú rẹ̀ kọlẹ̀, mo fi fáàfù sí ẹnu rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbá a láti ìsàlẹ̀. Nínú omi tí iyọ̀ rẹ̀ tó gíráàmù 25 sí 30 nínú lítà, ní 28°C, pẹ̀lú iná gílóòbù nítòsí, ó ń pa láàárín wákàtí 24. Ẹ pa afẹ́fẹ́, ẹ tan iná sí ìsàlẹ̀: ààyè á sọ̀ kalẹ̀, èèpo ẹyin á léfòó. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ bu.

Artemia tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ń gbé ọ̀rá tirẹ̀ lọ́wọ́, wákàtí kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá ló sì ń jẹ nínú rẹ̀. Ẹ fún ọmọ edé ní kíákíá. Bó bá ti pẹ́, ó ti di awọ lásán. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ ni ẹnu Artemia ń là. Mo ń po pupa ẹyin adìẹ pẹ̀lú epo ẹ̀dọ̀ ẹja díẹ̀ nínú bùlẹ́ńdà títí yóò fi di omi funfun, mo ń kán an sí wọn. Wọ́n á mu ún, ikùn wọn á kún, ọmọ edé tó bá jẹ wọ́n sì jẹ epo ẹja náà. DHA kì í pọ̀ lára Artemia fúnra rẹ̀, ọ̀nà yìí ló sì ń gbà dé ẹnu ọmọ. Ẹ fọ̀ wọ́n nínú àwọ̀n kí ẹ tó fún edé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ epo á bo ojú omi.

Nígbà tí ọmọ bá dàgbà díẹ̀ mo ń fi ẹyin sísè kún un. Ẹyin adìẹ, ẹran ìsáwùrú lílọ̀, mílíìkì lulú àti epo ẹja díẹ̀ ni mo ń pò, tí mo ń sè nínú abọ́ bí ẹni ń se mọ́ínmọ́ín títí yóò fi dì. Mo ń rin ín gba ojú àwọ̀n kí ó lè wẹ́, mo ń fi omi ṣan án títí omi tó ń jáde yóò fi mọ́, mo sì ń fún wọn díẹ̀díẹ̀ lọ́sàn-án. Ìrọ̀lẹ́ ni ti Artemia, torí òun kì í bàjẹ́ mọ́jú. Èyí tó bá kù nísàlẹ̀, mo ń fi rọ́bà fà á jáde lójoojúmọ́.

Ẹni kan bi mí ìdí tí mo fi ń ṣe gbogbo wàhálà yìí lórí edé tí odò ń fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wo Odò Sẹ̀nẹ̀gàl. Ìsédò Diama tí wọ́n parí ní 1986 dí ọ̀nà tí abo edé yìí kan náà fi ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi iyọ̀. Edé dàwátì lókè odò, ìgbín kéékèèké inú odò tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá kiri sì pọ̀ rẹpẹtẹ, torí edé ló ń jẹ ẹ́. Ní 2015, Susanne Sokolow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní abúlé Lampsar jáde: níbi tí wọ́n ti dá edé padà sínú omi, ìgbín tó ní kòkòrò náà dín kù, àrùn náà sì rọlẹ̀ lára àwọn ará abúlé. Ibi tí wọ́n bá ti sé odò, ọwọ́ èèyàn ló kù tó lè bí edé fún un.

Oṣù Ògún: wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀

Àwọn tó dàgbà jù ti yí padà. Wọn kò dojúdé mọ́, wọ́n ń rìn lórí ilẹ̀ táńkì, wọ́n ń di ara àwọ̀n mú. Mo ń dín iyọ̀ kù díẹ̀díẹ̀ títí omi yóò fi di omi odò. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ti inú Táńkì Kejì wá, àyè tí wọ́n sì ti yàtọ̀ gan-an ni ọjọ́ àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Artemia dáadáa. Láàárín àwọn tó yè dé ibi yìí, n kò rí ìyàtọ̀ púpọ̀ mọ́ nínú bí ọmọ ìyá méjèèjì ṣe ń tóbi. Oúnjẹ tí àwọn fúnra wọn ń jẹ ti gba ipò ohun tí ìyá kó fún wọn. Ìyẹn sì bọ́gbọ́n mu, torí ọ̀rá ìyá ti tán lára wọn tipẹ́.

Wọ́n ti ń jẹ ara wọn báyìí bí ebi bá pa wọ́n. Àwọ̀n pọ̀ sí i nínú táńkì, ewé gbígbẹ náà wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ń họ. Oúnjẹ àpò tí mo gún kúnná, tí mo fi ṣawá sísè kún, ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ìrọ̀lẹ́ ni kó pọ̀ jù torí òru ni edé ń jẹun.

Lọ́sẹ̀ yìí mo pààrọ̀ oúnjẹ àwọn ìyá. Táńkì Kìíní ti ń jẹ àpòpọ̀ ṣawá àti orí edé, Táńkì Kejì ti padà sí oúnjẹ àpò nìkan. Bí ẹyin Táńkì Kìíní bá kún ní oyún tó ń bọ̀, tí ti Kejì sì ṣá, a jẹ́ pé oúnjẹ ni, kì í ṣe pé àwọn ìyá tó dára ló ṣèèṣì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àpò ẹyin abo méjì ní Táńkì Kìíní ti bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Fóòmù inú dírọ́ọ̀mù ni màá pààrọ̀ ṣáájú kí wọ́n tó bọ́ èèpo, torí ẹran ṣawá ń dí i ju oúnjẹ àpò lọ.